Ẹgbẹ́ Kẹta nínú Ìdìbò Gómìnà: Bí ó ti Rí ní Ondó, àti Bí ó ti Rí ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀ffà, Ìkìrun ni yóò kọ́kọ́ dé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kan Inísà, lẹ́yìn náà ni yóò wọ Òkukù. Ìlú ọlọ́ba ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Akìrun ni ọba Ìkìrun, Olúnísà ni ti Inísà, Ọlọ́kukù sì ni ti Òkukù. Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn. Òkukù ni olú ìlú ti Odò-Ọ̀tìn, Inísà pẹ̀lú sì wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀, oníṣòwò àti olùkọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òṣèlú púpọ̀. Kò sí ìdìbò gómìnà kan tí ó kọjá láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí a kò gbọ́ ariwo rẹ̀ ní àwọn ìlú wọ̀nyí, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn gómìnà náà, Ọlágúnsóyè Oyínlọlá, ọmọ Òkukù ni, òmíràn, Gbóyèga Oyètọ́lá, sì jẹ́ ọmọ Ìrágbìjí, tí kò jìnnà sí Ìkìrun rárá.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbègbè yìí wà láàárín alágbára méjì. Ìbàdàn wà ní ìsàlẹ̀, Ìlọrin wà ní òkè, ìlú kékeré tí ó bá sì wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ sun àsùnpara. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n ja ogun Jálumi lẹ́bàá Ìkìrun, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣe olórí wọn, ti ṣẹ́gun Ìlọrin pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá tí wọ́n jọ dìde. Nígbà tí àwọn ará Ìlọrin ń sá padà lọ sílé, odò Ọ̀tìn ni wọ́n bá níwájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn já lu omi, omi sì gbé wọn lọ, ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ní àkókò yìí ni àwọn ará Òkukù kó ilé kó ọ̀nà, tí wọ́n wá sá di Ìkìrun, ó sì di ọdún 1893 tí ogun parí kí wọ́n tó padà sórí ilẹ̀ wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ìwà ìgbà ogun ni àwọn ọmọ ọmọ wọn gbé lọ síbi àpótí ìbò. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀ ní àkókò ìdìbò yóò ti gbọ́ bí wọ́n ti ń béèrè, kì í ṣe ta ni ó dára jù, bí kò ṣe ta ni ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ ìjọba. Ìlú tí ó ti wà lábẹ́ ìbẹ̀rù alágbára méjì rí kì í yára sáré tẹ̀lé ẹnìkẹta.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú sì ti rí. Láti ìgbà tí ìdìbò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ìjà máa ń pín sí. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti Ẹgbẹ́ Alákùkọ ni wọ́n ń du ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1983, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, UPN ti Bọ́lá Ìgè àti NPN ti Omololú Olúnlóyọ̀ ni wọ́n kojú ara wọn, Olúnlóyọ̀ ni àjọ elétò ìdìbò sì kéde. Nígbà tí ìjọba ológun Babangida sì dé, kò tilẹ̀ dúró kí àwọn ará ìlú fúnra wọn dín ẹgbẹ́ kù. Ó fi àṣẹ dá ẹgbẹ́ méjì péré sílẹ̀ ní 1989, ti ẹlẹ́ṣin, èyíinì SDP, àti ti ẹlẹ́yẹ, èyíinì NRC. Lábẹ́ ètò yìí ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí Isiaka Adélékè ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin sì di gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà ní 1999, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni ó wà. Ẹjọ́ kan tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dá ní 2003 ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn.

Ohun méjì wà nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó yẹ kí ònkàwé mú dání kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé e. Èkíní ni pé kò sí ẹni tí ó lè du ipò gómìnà láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ kan fà á kalẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ ńlá bá kọ̀ kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Àfi kí ó wá ẹgbẹ́ kékeré kan wọ̀ bí ẹni wọ ẹ̀wù. Èkejì ni pé kò pọn dandan kí ẹni tí yóò wọlé ní ìdajì gbogbo ìbò. Bí ìbò rẹ̀ bá ti pọ̀ ju ti olúkúlùkù àwọn yòókù lọ, tí ó sì ní ìdá mẹ́rin ó kéré tán nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó ti wọlé. Ní Ọ̀ṣun, tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ 30, èyí jẹ́ 20. Ní Ondó, tí ó ní 18, ó jẹ́ 12. Nítorí náà, bí ìbò bá pín sí mẹ́ta, ẹnìkẹta lè wọlé ní ìrọ̀rùn ju bí ènìyàn ti rò lọ, bí ìbò rẹ̀ kò bá ti kórajọ sójú kan.

Ní Ondó ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí a rò ó díẹ̀díẹ̀.

Olúṣẹ́gun Mímìíkò, oníṣègùn òyìnbó, ni a bí ní ìlú Ondó ní 1954, Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Kì í ṣe àlejò nínú ilé ìjọba. Ó ti ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera lábẹ́ Bámidélé Olúmilúà nígbà ayé SDP. Ó tún ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ Adébáyọ̀ Adéfaratì ti AD lẹ́yìn 1999. Ó fi AD sílẹ̀, ó lọ sí PDP, nígbà tí Olúṣẹ́gun Àgágú sì gba ìjọba lọ́wọ́ Adéfaratì ní 2003, Mímìíkò ni ó fi ṣe akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀. Ní 2005 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ ọ́ di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti ìdàgbàsókè ìlú. Gbogbo ọ̀nà náà kò tí ì gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Àgágú ṣì fẹ́ sáà kejì, ẹgbẹ́ alábùradà kò sì ní fi gómìnà tí ó wà lórí àga sílẹ̀ nítorí mínísítà. Ní òpin ọdún 2006 ni Mímìíkò kọ iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀, tí ó sì wọ ẹgbẹ́ Labour. Ẹgbẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà bí ní 2002 ni, orúkọ mìíràn ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́, kò sì tí ì ní gómìnà kankan rí. Àmì rẹ̀ ni bàbá, ìyá àti ọmọ.

Oṣù bíi mẹ́rin péré ni ó kù kí ìdìbò ó dé. Ẹni tí kò bá mọ òṣèlú yóò rò pé ẹgbẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì ní ọ̀pọ̀ ìlú kò lè rí nǹkan kan ṣe láàárín àkókò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mímìíkò kò wọ ilé òfìfo nìkan. Ó kó ènìyàn wọ̀ ọ́. Àwọn tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ ní AD, àwọn tí ó tẹ̀lé e ní PDP, àwọn tí inú ń bí sí ìjọba Àgágú, gbogbo wọn ló rí ibì kan forí pamọ́ sí. Adéfaratì, tí í ṣe àgbà AD ní ìpínlẹ̀ náà, kú ní oṣù kẹta ọdún 2007, bí ó ti ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdìbò gómìnà ó wáyé. Ilé AD sì ti wó tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí a bá wò ó dáadáa, ẹgbẹ́ Labour kò jẹ́ ẹgbẹ́ kẹta ní Ondó fún ìgbà pípẹ́. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, ó ti di èkejì. Ibi tí àwọn òpìtàn kan ti máa ń ṣì í nìyí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àmì bàbá, ìyá àti ọmọ ni ó fa ọkàn àwọn ènìyàn mọ́ra.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2007 ni wọ́n dìbò. Àjọ elétò ìdìbò kéde pé Àgágú ni ó wọlé. Ìrúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú kan, nítorí pé Ondó kò gbàgbé 1983, nígbà tí wọ́n kéde Akin Ọmọ́bóríowó ti NPN lórí Michael Ajáṣin ti UPN, tí iná jó, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kí ilé-ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Ajáṣin. Ṣùgbọ́n Mímìíkò gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ohun tí ó mú kí ẹjọ́ náà yàtọ̀ ni pé wọn kò fi ẹnu lásán ṣe é. Wọ́n kó àwọn ìwé ìdìbò jọ, wọ́n sì mú onímọ̀ nípa ìtẹ̀ka wá láti yẹ̀ wọ́n wò, kí a lè mọ̀ bóyá ìka kan náà ni ó tẹ ìwé púpọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2008 ni ìgbìmọ̀ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò ní Àkúrẹ́ fagi lé ìbò àwọn ibi kan, ó sì kéde pé Mímìíkò ni ó wọlé. Àgágú pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ó jókòó ní ìlú Bìní fi ọwọ́ sí ìdájọ́ àkọ́kọ́; ní ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún Mímìíkò. Lásìkò náà, ibẹ̀ ni ẹjọ́ gómìnà ń parí sí. Ìgbà tí wọ́n tún òfin ṣe ní 2010 ni ó tó di pé ènìyàn lè gbé e dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ. Àgágú ti lo nǹkan bí ọdún méjì nínú sáà tí ilé-ẹjọ́ sọ pé kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe Ondó ni ó kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Peter Obi ti APGA ti gba ipò gómìnà Anámbra ní ilé-ẹjọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2006. Ní ilẹ̀ Yorùbá ṣá o, Mímìíkò ni ẹni àkọ́kọ́.

Ìdánwò tí ó ṣe kókó jù ni ti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2012, nígbà tí ó tún jáde fún sáà kejì lábẹ́ Labour. Ní àkókò yìí, ẹgbẹ́ ACN ti gba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Ondó nìkan ni ó kù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. PDP sì ni ó wà ní Àbújá. Ẹgbẹ́ kékeré ni ó wà láàárín erin méjì. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Mímìíkò ní 260,199. Olúṣọlá Òkè ti PDP ní 155,961. Rótìmí Akérédolú ti ACN ní 143,512. Ìjọba ìbílẹ̀ 13 nínú 18 ni ó ti ṣíwájú. Kí ònkàwé ro iye wọ̀nyí pọ̀: ìbò PDP àti ti ACN papọ̀ jẹ́ 299,473, èyí tí ó ju ti Mímìíkò lọ. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ni, ìbá ṣòro fún un. Wọn kò sì lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀, nítorí pé ọ̀tá ara wọn ni wọ́n jẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Èyí ni àǹfààní tí ó wà nínú jíjẹ́ ẹnìkẹta: àwọn méjì tí ó ń du ayé kì í lè dáwọ́ ìjà dúró nítorí rẹ̀.

Ó ṣe iṣẹ́ díẹ̀ tí àwọn ènìyàn rántí. Ètò Àbíyè fún àwọn aláboyún, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀, àti ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Labour ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Mímìíkò kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí PDP. Nígbà tí ìdìbò gómìnà tún dé ní 2016, Akérédolú ti APC ni ó wọlé. A kò gbúròó Labour mọ́ láàárín àwọn tí ń léwájú. Ní 2020, Agboọlá Àjàyí, tí í ṣe igbákejì gómìnà nígbà náà, fẹ́ tọ ipa ọ̀nà Mímìíkò, ó jáde lábẹ́ Zenith Labour. Ìbò 69,127 ni ó rí, ó sì ṣe ipò kẹta. Ilé tí ọkùnrin kan fi ejìká gbé dúró ni, ó sì gbé ejìká rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n dìbò ní Ondó ní 2007, àwọn ará Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ń tò síwájú àpótí ìbò tiwọn. Oyínlọlá, ọmọ Ọlọ́kukù Moses Oyèwọlé Oyínlọlá tí ó jọba láti 1934 di 1960, ni ó wà lórí àga. Ológun ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti jẹ́ alákòóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1993 di 1996. Ìjọba rẹ̀ ni ó dá yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí ọ̀kan nínú ọgbà rẹ̀ sì wà ní Òkukù. Àjọ elétò ìdìbò fún un ní ìbò 426,669, ó sì fún Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti AC ní 240,722. Ẹjọ́ tí ó tẹ̀lé èyí gùn ju ti Ondó lọ. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ da ẹjọ́ Arẹ́gbẹ́ṣọlá nù ní 2008. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n tún un gbọ́ ní 2009. Ìgbìmọ̀ kejì tún dá a nù ní oṣù karùn-ún ọdún 2010. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn wá fagi lé ìbò ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Odò-Ọ̀tìn wà nínú wọn. Ìbò tí ó kù jẹ́ 198,799 fún Arẹ́gbẹ́ṣọlá àti 172,880 fún Oyínlọlá.

Ó yẹ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí pé ìwé púpọ̀ tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìdájọ́ náà kò wo ojú àwọn ará Odò-Ọ̀tìn. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá fagi lé ìbò ìjọba ìbílẹ̀ kan nítorí màgòmágó, ìbò ayédèrú lọ, ṣùgbọ́n ìbò òtítọ́ tí ó wà láàárín rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ìyá arúgbó tí ó tò láti àárọ̀ ní Inísà, tí ó sì tẹ̀ka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, a kò ka tirẹ̀. Ìbáà jẹ́ Oyínlọlá ni ó dìbò fún, ìbáà jẹ́ Arẹ́gbẹ́ṣọlá, a kò kà á. Òfin kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà ṣe é nígbà náà, a kò sì lè dá àwọn adájọ́ lẹ́bi. Àmọ́ nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún dé pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ìbò wọn ṣòfò lórí ẹgbẹ́ kékeré, àwọn tí ìbò wọn ti ṣòfò rí láìjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún.

Arẹ́gbẹ́ṣọlá kì í ṣe ẹgbẹ́ kẹta; ilé AD àtijọ́, èyí tí Bísí Àkàndé fi ṣe gómìnà láti 1999 di 2003, ni AC dìde láti inú rẹ̀. Ẹnìkẹta ní Ọ̀ṣun, ọdún 2018 ni ó hàn gbangba.

Ẹgbẹ́ 48 ni ó fa olùdíje kalẹ̀ lọ́dún náà. Nínú wọn, márùn-ún ni ó ṣe pàtàkì, mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún yìí sì jẹ́ àwọn tí ó ti inú ilé ńlá jáde. Ìyíọlá Omíṣore ti Ilé-Ifẹ̀, igbákejì gómìnà àtijọ́ àti sẹ́nétọ̀, tí ó gbé àsíá PDP ní 2014, ti lọ sí SDP. Móṣúùdù Adéọ̀tí ti Ìwó, akọ̀wé ìjọba lábẹ́ Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ti lọ sí ADP. Fàtáì Akinbádé, akọ̀wé ìjọba lábẹ́ Oyínlọlá, tí ó ti gbé àsíá Labour ní 2014, wà ní ADC. Ó yẹ fún àkíyèsí pé akọ̀wé ìjọba ni Mímìíkò náà ti jẹ́ rí. Bóyá ipò náà ni ó ń ṣe é: ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ mọ gbogbo ìlú, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n, a kì í sì í fẹ́ kí ó gun àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oyínlọlá fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kẹta mú jù lọ́dún yẹn. Nígbà tí Ọbásanjọ́ kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Bùhárí ní oṣù kìíní ọdún 2018, tí ó ní kí Nàìjíríà wá agbára kẹta tí kì í ṣe APC tí kì í sì í ṣe PDP, Oyínlọlá ni wọ́n fi ṣe alákòóso àjọ tí ó dìde láti inú rẹ̀; ní oṣù karùn-ún, àjọ náà wọ inú ADC. Ọmọ Òkukù ni ó ń ṣe kòkáárí ẹgbẹ́ kẹta fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n ka ìbò Ọ̀ṣun ní oṣù kẹsàn-án, ADC rí 7,681 jákèjádò ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ wọn ni Oyínlọlá ní Òkukù, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a kí ọmọ ọba, ọ̀tọ̀ ni kí a tẹ̀lé e lọ síbi tí kò dá òun náà lójú pé ìjọba wà.

Èsì tí wọ́n kà lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 22 oṣù náà ni èyí: Adémọ́lá Adélékè ti PDP, 254,698, Oyètọ́lá ti APC, 254,345, Omíṣore, 128,049, Adéọ̀tí, 49,742. Ìbò 353 ni ó wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́, iye ènìyàn tí òkú àgbà kan ṣoṣo lè kó jọ ní Ìkìrun. Iye àwọn tí orúkọ wọn wà níbi tí wọ́n ti fagi lé ìbò sì jẹ́ 3,498. Àjọ elétò ìdìbò ní ìdìbò kò tí ì parí. Wọ́n ní kí ibùdó ìdìbò méje tún dìbò ní ọjọ́ 27, ní Orolú, Òṣogbo, Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún tí ó wà láàárín ni ẹnìkẹta jọba ní Ọ̀ṣun láìjókòó lórí àga. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ méjèèjì, títí kan Bukola Saraki tí í ṣe ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ń wọ́ lọ sílé Omíṣore ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ: ilẹ̀ Ifẹ̀ ni gbòǹgbò ìbò rẹ̀ wà, mẹ́ta nínú àwọn ibùdó méje náà sì wà ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ó fara mọ́ APC. Èsì ìkẹyìn jẹ́ 255,505 fún Oyètọ́lá àti 255,023 fún Adélékè, ìyàtọ̀ 482. Ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ìdìbò fún Adélékè ní ìdájọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní oṣù karùn-ún, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ sì fi ìdí Oyètọ́lá múlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje, adájọ́ márùn-ún sí méjì.

Kí ni ìyàtọ̀ Ondó sí Ọ̀ṣun? Ìbò tí kò bọ́ sọ́wọ́ APC tàbí PDP ní Ọ̀ṣun lọ́dún náà kò kéré: ti Omíṣore àti Adéọ̀tí nìkan jẹ́ 177,791. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù di ẹrù tirẹ̀. Omíṣore ní Ifẹ̀, Adéọ̀tí ní Ìwó, kò sì sí ẹni tí ó ní àárín gbùngbùn nínú wọn. Ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, níbi tí kò sí ọmọ bíbí ìlú láàárín àwọn olùdíje pàtàkì náà, ojú ìjà méjì àtijọ́ ni àwọn ènìyàn padà sí. Ní Ondó, gbogbo ẹni tí inú ń bí ni ó bá Mímìíkò lọ sábẹ́ òrùlé kan. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ọ̀ṣun ní 2018.

Ní Ọ̀yọ́, Rashidi Ládọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é pẹ̀lú ẹgbẹ́ Accord. Ìbò 275,773 ni ó rí ní 2011, ó ṣe ipò kẹta. Ní 2015 ó rí 254,520, ó sì borí PDP, ṣùgbọ́n Abíọ́lá Ajímọ̀bi ti APC ní 327,310. Ìbàdàn gbé Ládọjà ga, Ìbàdàn nìkan kò sì tó. Adé Olúbàdàn ni ó dé e lórí ní 2025.

Ọ̀ṣun padà sí ẹgbẹ́ méjì pátápátá ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022. Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ifẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn wà lára ìjọba ìbílẹ̀ tí Adélékè ti ṣíwájú, ṣùgbọ́n ní fẹ́ẹ́rẹ́ ni, nítorí pé Ìrágbìjí kò jìnnà sí wọn, àwọn tí ó bá Oyètọ́lá tan sì pọ̀ ní ibẹ̀. Lasun Yusuf ti Ìlobùú, tí ó ti jẹ́ igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, jáde lábẹ́ Labour, ẹgbẹ́ tí ó gbé Mímìíkò dé ilé ìjọba. Ìbò 2,729 ni ó rí. Akin Ògúnbíyì, ẹni tí Adélékè fi ìbò 7 péré borí nínú ìdìbò abẹ́lé PDP ní 2018, jáde lábẹ́ Accord. 4,515 ni tirẹ̀. Àwọn ìbò wọ̀nyí kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò wọ́ lọ sílé ẹlòmíràn nítorí rẹ̀, nítorí pé 28,344 ni ó wà láàárín àwọn méjì iwájú.

Ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ nínú PDP jákèjádò orílẹ̀-èdè lẹ́yìn èyí, débi pé kò dá gómìnà lójú mọ́ pé àsíá tí yóò fún un kì yóò já sí asán ní ilé-ẹjọ́. Ní òpin ọdún 2025, Adélékè, gómìnà Ọ̀ṣun, fi ẹgbẹ́ alábùradà sílẹ̀. Accord ni ó wọ̀, ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ igi ọ̀pẹ, ó sì gba àsíá rẹ̀ fún ìdìbò gómìnà ọdún 2026. Àwọn àgbàlagbà Inísà tí ó rántí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti ayé àtijọ́ rẹ́rìn-ín.